Ẹni Tó Ń Dọdẹ Maimunat

Ọwọ́ ọmọ aládùúgbò ni Làtífù ti rí aago náà. Ó ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Okokomaiko, níbi tó ti ń ta páànù ìbolé láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ sójà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ inú Ìbà Housing Estate ni ọmọbìnrin kékeré kan tó ń gbé nílé kejì kúnlẹ̀ kí i. Aago pupa tó wà lọ́wọ́ ọmọ náà ni ojú Làtífù bà lé. Òun fúnra rẹ̀ ló rà á fún Maimunat, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, nígbà tó wọ SS1.

"Ta ló fún ẹ ní aago yìí?"

"Àǹtí Maimu ni, sà. Wọ́n ní kí n máa lò ó lọ."

Làtífù kọjá lára rẹ̀. Kó tó dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, inú rẹ̀ ti ń hó.

Maimunat wà ní yàrá. Oòrùn ọ̀sán mú débi pé ajá ò lè dúró níta, síbẹ̀ kádígàn dúdú ló wọ̀ sórí aṣọ ilé. Bó ṣe gbọ́ ìró ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀, ó yára dojú fóònù dé orí ibùsùn.

"Aago ẹ dà?"

"Mo ti fún Rọ́kíbá, Dádì."

"O ti fún Rọ́kíbá. Ìwọ lo rà á ni?"

"Ẹ má bínú, sà."

"Mo ní kí ló dé tí o fi fún un!"

"Mi ò nílò ẹ̀ mọ́ ni."

Ká ní ọmọ náà bá a jiyàn ni, bóyá ara Làtífù ì bá rọ̀. Maimunat tó mọ̀, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, ì bá ti to àwíjàre sílẹ̀ kí bàbá rẹ̀ tó mí. Ṣùgbọ́n èyí kàn dúró, ó tẹjú mọ́ ilẹ̀ bí ẹni tó ń retí kí òjò dá. Làtífù pariwo débi tí ohùn rẹ̀ lè gbé e dé. Ó pè é ní aláìmoore. Ó ní iṣẹ́ òun kọ́ ni láti máa rówó fún ọmọ tí kò mọ iyì nǹkan. Ọmọ náà kò sunkún. Ìyẹn gan-an ló tún bí i nínú sí i.

Ó ti pẹ́ tó ti ń kó ẹ̀ṣẹ̀ Maimunat jọ sínú. Fóònù ni ọmọ náà ń gbé wọ balùwẹ̀, á sì pẹ́ níbẹ̀. Bí fóònù bá gbọ̀n lórí tábìlì, òun náà á gbọ̀n, á sì fi oúnjẹ sílẹ̀ lọ dá a lóhùn. Ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ ilé ìwé, inú ń run ún. Wọ́n ti gbé e lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò títí ó fi sú wọn, wọn kò rí ibà níbẹ̀. Ó ti fi ẹgbẹ́ tó ń ṣojú ilé ìwé níbi ìdíje ìbéèrè sílẹ̀ láìsọ ìdí. Làtífù ní orúkọ fún gbogbo rẹ̀: afojúdi, ọ̀lẹ, àṣà burúkú. Ní ìsàlẹ̀ ọkàn rẹ̀, ó dá a lójú pé ọmọkùnrin kan ló wà nídìí ẹ̀, ó sì ń wá ọmọkùnrin náà bí ẹni ń wá olè.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kò tíì parí nígbà tí Missis Fọlọ́runṣọ́ pè wọ́n. Òun ni tíṣà kíláàsì Maimunat, obìnrin Èkìtì kan tí kì í gbé ohùn sókè, tó ń kọ́ wọn ní Lítíréṣọ̀. Làtífù àti Àríkẹ́, ìyàwó rẹ̀, jọ lọ sí ilé ìwé náà lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti jáde. Tíṣà ni Àríkẹ́ náà, ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́, ẹ̀rù sì ti ń bà á kí wọ́n tó jókòó, torí ó mọ̀ pé tíṣà kì í dédé ránṣẹ́ pe bàbá àti ìyá pọ̀.

"Mi ò pè yín torí pé Maimunat ṣẹ̀," ni Missis Fọlọ́runṣọ́ wí. "Mo pè yín torí pé ẹ̀rù ń bà mí."

Ó fa dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀, ó kó ìwé atúmọ̀ èdè jáde, ó kó ẹ̀rọ ìṣirò jáde, ó tún kó ìwé eré onítàn méjì lé e. Orúkọ Maimunat wà lára gbogbo wọn.

"Ó ti pín wọn fún àwọn ọmọ kíláàsì ẹ̀. Mo lọ gbà wọ́n padà ni. Àárín táàmù la wà yìí, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé ẹ̀ ń kó lọ síbì kankan. Mà, ọmọ tí kò rìnrìn àjò, tó wá ń pín ẹrù ẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó ń dágbére ni."

Àríkẹ́ fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Làtífù rántí aago, ṣùgbọ́n ìbínú ni ara rẹ̀ mọ̀, òun náà ló sì kọ́kọ́ dé ẹnu rẹ̀.

"Kí lẹ fẹ́ ká gbọ́? Ṣé pé ọmọ mi ń tẹ̀ lé ọkùnrin kiri?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀, sà!" Obìnrin tí kì í gbé ohùn sókè náà ti gbé e sókè. "Mo ní ẹnìkan ń dọdẹ ọmọ yín, ẹ̀yin ń bi mí bóyá ọmọ ló ń ṣe ìṣekúṣe. Orí fóònù yẹn ni ẹni náà wà. Bí àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ bá kóra jọ sídìí fóònù tí wọ́n rẹ́rìn-ín, ojú ẹ̀ á funfun, á rò pé òun ni wọ́n ń wò. Ẹ̀yìn pátápátá ló ń jókòó báyìí, kó lè máa ṣọ́ gbogbo ènìyàn. Mo bi í, mo bẹ̀ ẹ́ títí. Ṣé ẹ fẹ́ mọ ohun tó sọ?"

Ó wo Làtífù lójú.

"Ó ní, 'Dádì mi á pa mí.' Ìyẹn nìkan. Kò sọ pé ẹni tó ń yọ ọ́ lẹ́nu ló máa pa òun, sà. Ẹ̀yin ni."

Kí wọ́n tó dìde, ó kì wọ́n nílọ̀ pé kí wọ́n má fi ipá já fóònù gbà, kí wọ́n má pa ohunkóhun tó wà nínú ẹ̀ rẹ́, kí wọ́n má sì fi ọmọ náà sílẹ̀ ní òun nìkan, kódà fún ìṣẹ́jú kan, títí wọn á fi rí ìdí ọ̀rọ̀.

Wọ́n ti wọ ọkọ̀, wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Ìyànà Ìbà, kí Àríkẹ́ tó sọ̀rọ̀.

"Irun ẹ̀ ti pá níwájú."

"Irun ta ni?"

"Ti Maimu. Abẹ́ híjáàbù ló ń fi pamọ́ sí. Ọwọ́ ara ẹ̀ ló fi ń fà á tu. Ọjọ́ tí mo fẹ́ bá a dì í ni mo rí i, ó ní làpálàpá ni."

"O rí ìyẹn, o ò sọ fún mi?"

Àríkẹ́ yíjú sí i. Ó ti pẹ́ tí Làtífù ti fẹ́ ẹ, kò rí irú ojú bẹ́ẹ̀ lára rẹ̀ rí.

"Kí n sọ fún yín, kí lẹ máa fi ṣe? Bàbá Maimu, ariwo lẹ máa pa! Ọbẹ̀ jóná, ariwo. Wọ́n mú iná lọ, ariwo. Ọmọ ṣe ipò kejì, ariwo. Èmi tí mo jẹ́ àgbà, mo máa ń ro ọ̀rọ̀ lọ, ro ọ̀rọ̀ bọ̀, kí n tó lè sọ ọ́ létí yín. Ọmọdé wá ń kọ́? Níbo lẹ fẹ́ kó gbé ọ̀rọ̀ ẹ̀ gbà?"

Làtífù ya ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ó ti wà lójú ogun rí, wọ́n ti yìnbọn sí i rí, kò sì ṣẹlẹ̀ sí i rí pé kó má mọ ẹni tó máa kọjú ìjà sí. Inú bí i sí Àríkẹ́. Inú bí i sí tíṣà yẹn. Ìgbà tó yá ni inú wá bí i sí ara rẹ̀, èyí ló sì le jù, torí kò sí ẹni tó lè fi í nà lẹ́gba.

Nígbà tí wọ́n délé, Maimunat ti ti ilé ìwé dé ṣáájú wọn, ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ sì wà ní títì. Ọjọ́ mìíràn, Làtífù ì bá ti fi èjìká sí i. Lọ́jọ́ yẹn ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lójú ọ̀nà, ó na ẹsẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Àríkẹ́ jókòó ní òdìkejì.

"Maimu," ó ní. Kò mọ ohun tó kàn. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ ọ ní iṣẹ́ sójà, kò sí èyí. "Maimu, a ti dé láti ilé ìwé ẹ. Mi ò ní nà ọ́. Mi ò ní pariwo. Ẹnìkan ń dà ẹ́ láàmú, mo sì fẹ́ mọ̀ ọ́n. Tí o ò bá fẹ́ sọ ọ́ lónìí, a ó jókòó síbí."

Ó jókòó. Ó tún un sọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kú, kò dìde. Nígbà tó ṣe, ohùn kan wá láti inú yàrá, ohùn tín-ín-rín bí ti ọmọ ìkókó.

"Ẹ̀yin náà lẹ sọ ọ́, Dádì. Ìgbà tí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin tí wọ́n pín àwòrán ìhòòhò ẹ̀ kiri nínú rédíò. Ẹ ní ó tọ́ sí i. Ẹ ní kí ló ń fi àwòrán ara ẹ̀ ṣe lórí fóònù."

Làtífù rántí. Ẹ̀bà ló ń jẹ nígbà náà. Ó ti sọ ọ́ lẹ́nu lásán, ó sì fọwọ́, ó gbàgbé. Ọmọ rẹ̀ kò gbàgbé.

"Ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ ni mo sọ," ó ní. "Ṣí ilẹ̀kùn, ọmọ mi. Jọ̀ọ́."

Kọ́kọ́rọ́ yí. Ilẹ̀kùn ṣí díẹ̀, ọwọ́ kan yọ, fóònù wà nínú rẹ̀. Àríkẹ́ gba ibẹ̀ wọlé, ó di ọmọ rẹ̀ mú, kò sì jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ òun mọ́.

Lójú ọ̀nà tó jókòó sí ni Làtífù ti ka ohun tó wà nínú fóònù náà. Ẹnìkan tó pe ara rẹ̀ ní Ìyanuolúwa ló ti ń bá Maimunat sọ̀rọ̀ láti bí oṣù mélòó kan. Àwòrán ọmọbìnrin kan tó ń rẹ́rìn-ín ló fi síwájú. Ó ní Ìjànìkín lòun ti ń kàwé, ó ní òun náà fẹ́ ka ìmọ̀ òfin. Inú grúùpù WhatsApp tí wọ́n ti ń yanjú ìbéèrè JAMB ni wọ́n ti pàdé. Ọ̀rọ̀ wọn dùn ní ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ ìwé, ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Maimunat sọ ohun tó ń dùn ún fún un: pé òun ò lè bá bàbá òun sọ̀rọ̀, pé tó bá ti wọlé ni gbogbo ilé máa ń dákẹ́. Ìyanuolúwa ní, "Pẹ̀lẹ́, ọ̀rẹ́ mi. Èmi wà fún ẹ." Ó tọrọ àwòrán rẹ̀, Maimunat fi ọ̀kan ránṣẹ́, àwòrán tó yà nínú ilé, láìborí, tó ń rẹ́rìn-ín.

Àwòrán náà ni ẹni yẹn gbé. Ó fi ẹ̀rọ lẹ orí Maimunat mọ́ ìhòòhò ẹlòmíràn, ó fi í ránṣẹ́ padà sí i. Láti ọjọ́ yẹn ni ohùn ti yí. Ó ń pàṣẹ fún ọmọ náà bí ẹni ń pàṣẹ fún ẹrú. Kó jí. Kó dáhùn. Kó fi àwòrán mìíràn ránṣẹ́, irú èyí tí òun fẹ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òun á tan ti àkọ́kọ́ kálẹ̀. Gbogbo ibi tí ọmọ náà bá ti bẹ̀ ẹ́, ohun kan náà ló ń fi dá a lóhùn: "Sọ fún bàbá ẹ tó jẹ́ sójà. Ṣé o ò mọ̀ pé ó máa pa ẹ́ ni?"

Ìbínú Làtífù ni ẹni náà fi ṣe pàṣán. Ó tọ́jú ẹ̀, ó ń fi na ọmọ.

Kò lè kà á tán. Fóònù sì gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ tuntun wọlé: "O ò dáhùn, àbí? Ó ti yá. Mo mọ grúùpù tí bàbá ẹ wà."

Làtífù fò dìde. Ó gbé fóònù sókè láti là á mọ́lẹ̀. Gbogbo ara rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ pé kó fọ́ nǹkan. Ó ti ń pe orúkọ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní Ọ̀jọ́ Cantonment, àwọn tí wọ́n á bá a lọ sí ibikíbi tó bá ní kí wọ́n lọ. Ó fẹ́ kọ èsì sí ẹni náà, ó fẹ́ bú u títí dórí baba ńlá rẹ̀. Àríkẹ́ ti jáde, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ẹ má fọ́ ọ. Ẹ̀rí wa ló wà níbẹ̀."

"Màá pa á."

"Ẹ wo ẹ̀yìn yín."

Ó wẹ̀yìn. Maimunat dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ti fa kádígàn bo ìka rẹ̀, ó ń wo ọwọ́ bàbá rẹ̀ tó wà lókè. Kò ka ọ̀rọ̀ tó ń sọ sí. Ọwọ́ yẹn nìkan ló ń wò.

Làtífù rọra sọ ọwọ́ kalẹ̀. Nínú gbogbo ohun tó ṣe lọ́dún yẹn, kò sí èyí tó ná an lágbára tó bẹ́ẹ̀. "Ìwọ kọ́ ni mò ń bínú sí," ó ní. "Gbọ́ mi dáadáa. Ìwọ kọ́. Àní kó jẹ́ pé gbogbo àwòrán tó bèèrè lo fi ránṣẹ́, ìwọ kọ́." Nígbà yẹn ni ọmọ náà sunkún, ẹkún tí wọ́n gbọ́ dé òpin ojúlé.

Lọ́jọ́ kejì wọ́n gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ. Wọ́n ti ya àwòrán gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà lójú fóònù náà pamọ́. Ọlọ́pàá ọkùnrin tó wà nídìí káńtà wo Maimunat látòkè délẹ̀, ó sì bèèrè pé, "Kí ló kó ẹ dé ọ̀dọ̀ ẹni tí o ò mọ̀ rí? Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí náà, ẹ ti ṣí sílẹ̀ jù."

Maimunat tẹ orí ba. Làtífù gbé ọwọ́ lé káńtà. Kò pariwo, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ débi pé ẹ̀rù ba Àríkẹ́.

"Ọ̀gá, tí wọ́n bá fọ́ ṣọ́ọ̀bù mi, ṣé ẹ máa bi mí pé kí ló dé tí mo fi ta páànù? Ẹ bi í léèrè ohun tí wọ́n ṣe sí i. Tí ẹ ò bá lè bi í, ẹ pe ẹni tó lè bi í fún mi. Mi ò ní kúrò níbí."

Kò sì kúrò. Ó dúró títí obìnrin ọlọ́pàá kan fi jáde wá, tó mú Maimunat àti ìyá rẹ̀ wọ yàrá inú, tó fún ọmọ náà ní omi, tó sì kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ láìgé e lẹ́nu. Obìnrin náà ló fa ọ̀rọ̀ náà lé àwọn tó ń ṣèwádìí ìwà ọ̀daràn orí ẹ̀rọ lọ́wọ́.

Ó gba ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tó rí i mú. Kì í ṣe ọmọbìnrin, kì í sì í ṣe ọmọ ilé ìwé. Olúmidé ni orúkọ rẹ̀, géńdé ọkùnrin tó ń ṣe lẹ́sìnnì fún àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe JAMB ní Okokomaiko. Òun ló dá grúùpù yẹn sílẹ̀. Orúkọ Ìyanuolúwa wà nínú fóònù rẹ̀, orúkọ ọmọbìnrin mìíràn wà níbẹ̀, orúkọ ọmọkùnrin pàápàá wà níbẹ̀, orúkọ lóríṣiríṣi tó fi ń bá ọmọ ọlọ́mọ ṣọ̀rẹ́. Maimunat nìkan kọ́ ló mú. Àwọn ọmọ tó wà nínú fóònù yẹn pọ̀, nínú wọn la ti rí ọmọkùnrin kan láti Ìjànìkín tí àwọn òbí rẹ̀ ti ń gbé e kiri ilé àdúrà, torí wọ́n rò pé ọpọlọ rẹ̀ ló ń dà rú.

Ìgbà tí ìyẹn ṣẹlẹ̀ ni àwọn ẹlẹ́bẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan ni Alhaji Kazeem, alága ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wọn, mú àwọn ẹbí Olúmidé wá. Wọ́n kún pálọ̀. Wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n kúnlẹ̀. Alhaji Kazeem fọhùn bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ti tán lọ́wọ́ rẹ̀.

"Làtífù, ọmọdé ló ń ṣe é. Ẹ jẹ́ ká parí ẹ̀ nílé. Wọ́n ti gbà pé ó jẹ̀bi. Ìwọ náà ro ọmọ tìẹ. Obìnrin ni, ó máa lọ sílé ọkọ lọ́la. Tí ọ̀rọ̀ yìí bá dé kóòtù, orúkọ ẹ̀ ló máa bàjẹ́."

Àríkẹ́ tó ń gbé omi bọ̀ dúró. Làtífù wo ọkùnrin náà, àgbàlagbà tó ń bọ̀wọ̀ fún, tí wọ́n jọ máa ń tò sí sàfù kan náà kírun. Gbogbo ariwo tó ti gbé mì láti ọjọ́ tó ti jókòó lójú ọ̀nà yàrá Maimunat gòkè wá sí ọ̀fun rẹ̀, kò sì dá a dúró mọ́.

"Orúkọ ta ni!" Ògiri gbọ̀n. "Alhaji, orúkọ ta ló bàjẹ́? Ọmọ mi jalè ni? Ọmọ mi purọ́ pé òun jẹ́ ẹni tí òun ò jẹ́? Ọmọ mi ń pín ẹrù ẹ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ torí ó rò pé òun ò ní í sí láyé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀! Ẹ̀yin wá jókòó nílé mi, lórí àga mi, ẹ̀ ń sọ pé ọmọdé ló ń ṣe ọkùnrin tó ní irùngbọ̀n! Ta ni ọmọdé nínú àwọn méjèèjì? Mo ní ta ni ọmọdé!"

Ilẹ̀kùn yàrá ṣí. Ọkàn Làtífù já, torí ó ti ṣèlérí pé òun ò ní pariwo. Maimunat jáde wá, ó rìn gba àárín àwọn àlejò, ó wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà bó ṣe yẹ, ó sì dìde.

"Ẹ má bínú, sà," ó sọ fún Alhaji Kazeem. Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n ó ń jáde. "Èmi ló ṣe é sí. Ẹ ò bi mí. Ẹ ti jókòó láti ìgbà yìí, kò sẹ́ni tó bi mí. Mi ò fẹ́ kí wọ́n parí ẹ̀ nílé. Mo fẹ́ sọ ọ́ ní kóòtù."

Ìyá Olúmidé bú sẹ́kún. Àánú obìnrin náà ṣe Àríkẹ́, ó gbé omi fún un, ó sì ṣílẹ̀kùn fún gbogbo wọn pé kí wọ́n máa lọ.

Ẹjọ́ náà ṣì wà ní kóòtù. Lọ́yà Olúmidé ń wá ọjọ́ mìíràn, adájọ́ ń sún un síwájú. Maimunat ti sọ tirẹ̀, ó sọ ọ́ láìbojú wẹ̀yìn, nígbà tí ọkùnrin náà ń wo bàtà ara rẹ̀. Àwọn ọ̀sẹ̀ kan wà tí ara rẹ̀ máa ń yá, àwọn mìíràn wà tí kì í fẹ́ fọwọ́ kan fóònù rárá, tí Missis Fọlọ́runṣọ́ á wá jókòó tì í. Obìnrin kan tó mọ iṣẹ́ ìtọ́jú ọkàn ń rí i déédéé. Ó ń bá bàbá rẹ̀ jà báyìí, lórí oúnjẹ, lórí rédíò, lórí ohun tí yóò kà ní yunifásítì, bàbá rẹ̀ náà ń bá a jà padà, wọ́n á sì jọ dákẹ́ nígbà tó bá rẹ̀ wọ́n.

Ìbínú Làtífù kò tíì lọ. Kò tilẹ̀ bẹ Ọlọ́run pé kó lọ. Àwọn ènìyàn ń sọ fún un pé kó fi í sílẹ̀, pé ó ti tó, pé ọmọ rẹ̀ ṣáà wà láàyè. Nígbà tí wọ́n bá parí ìrun Jímọ̀, Alhaji Kazeem máa ń na ọwọ́ sí i láti bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Títí di òní, Làtífù ń kọjá lára ọwọ́ náà ni.